Òkúta Tọ́ọ̀ṣì: Èwo Ni Kí Àgbẹ̀ Rà, Èyí Tí A Ń Lò Jù Nù Tàbí Èyí Tí A Ń Gba Iná Sí?

Ọ̀rọ̀ irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò ni ó sábà máa ń wà nínú irú ìwé pélébé báyìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti ọdún dé ọdún kò kéré rárá. Ọ̀rọ̀ òkúta tọ́ọ̀ṣì ni.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán nìkan. Ẹni tí ó gbin ìrẹsì sí agbègbè Ọ̀fàdà mọ̀ pé bí ẹyẹ ẹ̀gà bá lọ sùn tán, ọ̀yà ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbàfò kò lè ṣàì dìde lóru wo omi rẹ̀, pàápàá ní ìgbà tí ẹja bá ti tó tà tí olè sì ti gbọ́. Àwọn tí ń kó ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà Ifọ̀ kì í dúró de ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó di ẹrù sínú ọkọ̀. Àwọn tí ń ṣa ìgbín kò ní ọjà kankan láti tà bí kò bá sí òru àti òjò. Ojú ọ̀nà oko ni gbogbo wọn ń gbà, ojú ọ̀nà oko náà ni ọká, ṣèbé àti paramọ́lẹ̀ ń gbà. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì tí ó bá kú sí àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní àárín òru lè sọ ọ́ di èrò ilé ìwòsàn.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí lè jẹ́rìí sí i. Ní àkókò òjò kan, mo lọ wo oko ìrẹsì kan lẹ́yìn Ọ̀fàdà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì mi jáde. Tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé ni, irú èyí tí a ń gba iná sí, mo sì ti fi yangàn díẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná náà fi pọ́n bí ojú ẹyẹ, tí ó sì kú pátápátá, nígbà tí omi àbàtà ti dé orúnkún wa. Baba olóko náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mú tọ́ọ̀ṣì onírin rẹ̀ àtijọ́ jáde láti inú àpò, èyí tí ó ń lo òkúta ńlá méjì, òun ni ó sì tàn wá dé ojú títì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ara balẹ̀ kọ́ nípa ohun tí ó wà nínú àwọn òkúta wọ̀nyí, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dé kẹ́yìn ni ó sàn jù, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a jogún ni ó yẹ kí a dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkúta àtijọ́. Ọ̀mọ̀wé kan ará Faransé tí ń jẹ́ Leclanché ni ó ṣe baba ńlá rẹ̀ ní ọdún 1866, ṣùgbọ́n omi ni ó wà nínú tirẹ̀. Ní ọdún 1886, Gassner, ará Jámánì, wá ọ̀nà tí ó fi sọ omi náà di ohun pípò bí ẹ̀kọ tí kì í dà. Bí ẹ bá la òkúta kan, ẹ ó rí i pé síńkì ni ìkòkò rẹ̀, igi èédú dúdú sì wà ní àárín, lúbúlúbú dúdú ni ó yí igi náà ká. Síńkì yìí ni iná ń jẹ. Bí a ti ń tan tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò náà ń tín-ín-rín sí i, títí yóò fi lu. Ìdí nìyí tí òkúta tí a gbàgbé sínú tọ́ọ̀ṣì fi ń ṣomi, tí omi náà sì ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Agbára òkúta kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 1.5, ìbá à ṣe ńlá tàbí kékeré. Ohun tí títóbi rẹ̀ fi kún un ni pé ó ń pẹ́ kí ó tó tán.

Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí wọ́n kọ Alkaline sí lára. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́. Òkúta onísíńkì lásán kò yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ, ooru abẹ́ páànù sì tún lè dín in kù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ àṣà sísá òkúta sínú oòrùn nígbà tí iná rẹ̀ bá rọ̀. Òótọ́ ni pé ó máa ń sọjí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọjí aláìsàn tí ó fẹ́ kú ni. Ooru kan náà tí ó ta á jí ni ó ń mú kí ó tètè ṣomi. Bákan náà, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwa ọmọ ni a máa ń fọ́ òkúta tí ó ti kú, tí a ó gún lúbúlúbú dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé, kí a fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ àti imú wa a sì dúdú. Kò dára, nítorí lúbúlúbú náà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fà símú. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé àwọn ọmọ ṣì ń fọ́ òkúta, òkúta tuntun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sì ṣeé fọ́ rárá.

Òkúta tuntun náà ni ti lítíọ́mù. Ní ọdún 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony ti Japan kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, Goodenough, Whittingham àti Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Irú rẹ̀ kan náà ni ó wà nínú fóònù yín. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ 18650 sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó fẹ̀ ní mílímítà 18, ó sì gùn ní mílímítà 65. Agbára rẹ̀ jẹ́ volt 3.7, ó sì ń dé 4.2 bí ó bá gba iná yó. Òkúta gidi lè gba iná ní ìgbà 300 sí 500 kí ó tó rẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ kì í sì í rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi ti òkúta onísíńkì: ó máa ń mọ́lẹ̀ dọ́gba fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà yóò kú lójijì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òkúta àtijọ́ máa ń kìlọ̀ fún ni kí ó tó lọ, ti lítíọ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ kìlọ̀.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo tọ́ọ̀ṣì tí a ń gba iná sí ni ó ní lítíọ́mù nínú. Púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn rọjú jẹ́ olójé, ìyẹn ni pé àbúrò bátìrì ọkọ̀ ni ó wà nínú wọn. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa wíwúwo rẹ̀, àti nítorí pé 4V ni wọ́n sábà ń kọ sí i. Bátìrì olójé kò fẹ́ kí ebi pa òun. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ sì gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgba iná sí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì tèmi ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù méjì kí n tó gbé e lọ sí oko ìrẹsì. Lẹ́yìn èyí, òjé jẹ́ májèlé. Ní ọdún 2025 ni ìròyìn kàn káàkiri pé a bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn, àgbà àti ọmọdé, ní Ògíjó tí kò jìnnà sí wa, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ògbólógbòó bátìrì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe la irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ láti fi òjé inú rẹ̀ ṣe òjé àwọ̀n ẹja.

Irọ́ wà lára òkúta lítíọ́mù pẹ̀lú. Ẹ ó rí i lọ́jà tí wọ́n kọ 9900mAh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ara 18650. Kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Èyí tí ó dára jù nínú irú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 3600mAh lọ, èyí tí a kọ 2000 tàbí 2500 sí sì lè jẹ́ olóòótọ́ ju èyí tí a kọ 9900 sí lọ fíìfíì. Ẹ gbé e lé orí ìwọ̀n tí àwọn oníwúrà ń lò: 18650 gidi sún mọ́ gíráàmù 45, ayédèrú sì máa ń fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ó ku owó. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ iye òkúta tí ẹ ń rà sílẹ̀ fún oṣù kan. Ká ní àgbẹ̀ kan ń pààrọ̀ òkúta méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún, òkúta 104 ni yóò rà. Kí ó sọ iye owó òkúta kan di ọ̀nà 104, kí ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iye owó tọ́ọ̀ṣì onílítíọ́mù pẹ̀lú ohun tí a fi ń gba iná sí i. Bí òun náà bá ń gba iná sí tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìgbà 104 náà ni yóò gba iná lọ́dún, òkúta gidi yóò sì bá a lò ju ọdún méjì lọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kò náni ní nǹkan bí a bá ní iná ìjọba: yúnìtì kan lè gba iná sí òkúta 18650 ní ìgbà tí ó ju 70 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó yúnìtì kan lọ sí ₦225 fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A, nǹkan bíi náírà mẹ́ta ni fún ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń san owó fún alájà tí ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù, ẹ ṣọ́ra. Bí owó ẹ̀ẹ̀kan lọ́dọ̀ rẹ̀ bá ti tó owó òkúta onísíńkì kan, èrè ti tán, ẹsẹ̀ yín tí ẹ fi ń rìn lọ síbẹ̀ sì di gbèsè. Ẹni tí ó bá wà ní irú ibẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré ni kí ó wá.

Nítorí náà, èrò tèmi rèé. Ẹni tí ń tan tọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, ìyẹn ọlọ́sìn ẹja, ọlọ́sìn adìẹ àti ọdẹ, lítíọ́mù ni kí ó rà, kí ó sì rí i pé ó ṣeé yọ kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì, kí ó lè ra méjì: kí ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́, kí èkejì wà ní yíyó nínú àpò. Ẹni tí kì í tan tọ́ọ̀ṣì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò nílò ìnáwó yẹn; òkúta Alkaline tó o, kí ó máa yọ ọ́ síta bí iṣẹ́ bá ti parí, kí ó má sì ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà, kí ó mú méjèèjì dání, bí baba tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe jù báyìí lọ. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ẹnu kò sórí irú òkúta kan ṣoṣo, a lè rà á pọ̀ kí owó rẹ̀ dínkù, kí pánẹ́ẹ̀lì kan sì wà lórí ilé ìpàdé tí gbogbo ènìyàn yóò máa lò.

Ẹ má ṣe fi òkúta lítíọ́mù rọ́pò ti volt 1.5 nínú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Méjì rẹ̀ ju volt 8 lọ nígbà tí ó bá yó, gílóòbù yóò jó. Ẹ má ṣe kó o sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí ìṣó, kí irin má baà so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Èyí tí ó bá wú, tàbí tí ọ̀bẹ lù, kò gbọdọ̀ gba iná mọ́. Ẹ má ṣe gba iná sí i lórí ibùsùn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ koríko gbígbẹ, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nínú oòrùn lórí ọkọ̀. Tí ẹ kò bá ní í lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ gba iná sí i dé ìdajì, kí ẹ sì wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Àwọn tí ó ti kú, ti síńkì ni o, ti lítíọ́mù ni o, kò yẹ kí wọ́n wọ ààtàn tí a ń dáná sun, tàbí ṣáláńgá, tàbí odò. Kí ẹgbẹ́ wá kẹ́ẹ̀gì ọlọ́mọrí kan, kí ẹ da yanrìn gbígbẹ sí i, kí ẹ máa jù wọ́n síbẹ̀ títí ẹ ó fi rí àwọn tí ìjọba gbà láyè láti kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ dán òkúta wò kí ó tó ra púpọ̀, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ agíríkì tí ó sún mọ́ ọn. Kí wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì kan náà mẹ́ta wá, kí òkúta tí ó wà nínú wọn yàtọ̀ síra, kí gbogbo wọn sì ti gba iná yó láti ilé. A ó tan wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì kọ aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a bẹ̀rẹ̀, nítorí òkúta tí ó bá dára yóò lé ní wákàtí mélòó kan kí ó tó jẹ́ kí a lọ sílé.