Bí A Ti Í Ṣe Ọgbà Òdòdó fún Oníbàárà

Iṣẹ́ ọwọ́ kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní Coconut, ní Àpápá, ariwo tírélà kì í dákẹ́. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can, ẹ̀bá ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ẹrù ń gbà kọjá. Eruku pọ̀, ooru pọ̀. Ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ níwájú ilé tàbí ọ́fíìsì rẹ̀ a máa fẹ́ koríko tútù àti òdòdó níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò rí owó.

Ọkùnrin kan wà tó mọ òdòdó gbìn dáadáa. Nígbà náà, kò tíì wá sí kíláàsì wa. Oníbàárà kan ní kó bá òun tún iwájú ilé òun ṣe. Wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó gbin ixora yí iwájú ilé ká. Nígbà tó ṣe tán, oníbàárà ké pé, "Bàbá, ibi tí mo fẹ́ gbé mọ́tò sí lẹ gbin òdòdó sí yìí!" Ó hú gbogbo rẹ̀, ó sì fi owó ara rẹ̀ tún òmíràn gbìn. Owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ètò ni kò ṣe.

Ètò náà nìyí:

1. Ẹ béèrè. Kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ jókòó ti oníbàárà. Kí ló fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe? Ṣé àwọn ọmọdé yóò máa ṣeré níbẹ̀? Níbo ni mọ́tò yóò dúró? Ta ni yóò máa bomi rin ín? Èló ló fẹ́ ná? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

2. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ tún lọ ní ọ̀sán, kí ẹ lè mọ ibi tí oòrùn ń pa. Ẹ wo ibi tí omi òjò ń dúró sí àti ibi tí sokawéè wà. Ilẹ̀ etí ọ̀sà ni ilẹ̀ wa. Bí omi kànga bá níyọ̀, yóò pa òdòdó púpọ̀. Àgbọn àti igi fúrúùtù a máa fara da afẹ́fẹ́ oníyọ̀. Iyanrìn kì í mú omi dúró, nítorí náà ẹ po ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn. Kí ìgbẹ́ náà ti jẹrà o! Èyí tí kò jẹrà a máa jó gbòǹgbò.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ yà á. Bí ilẹ̀ bá gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 6, ẹ fi rúlà ya sẹ̀ǹtímítà 10 sí 6 sínú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ ya ẹnu ọ̀nà, gọ́tà àti ibi tí mọ́tò yóò dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya òdòdó. Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà, ó ṣì dára fún un lónìí. Ẹ rántí pé igi fúrúùtù tó kéré lónìí yóò di igi ńlá lọ́la. Ẹ má gbìn ín sẹ́bàá ògiri. Ẹ fi àwòrán náà han oníbàárà. Ó rọrùn ká fi rọ́bà pa pẹ́ńsù rẹ́ ju ká fi ṣọ́bìrì hú igi lọ.

4. Ẹ ṣírò owó. Àpẹẹrẹ lásán nìyí, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà:

Koríko: ₦90,000
Ilẹ̀ dúdú àti ajílẹ̀: ₦50,000
Òdòdó: ₦60,000
Owó ọkọ̀: ₦30,000
Lébìrà: ₦60,000
Àpapọ̀: ₦290,000

Ibí ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, wọn á sì ṣiṣẹ́ lásán. Owó iṣẹ́ tiyín dà? Ẹ fi ₦60,000 kún un. Òdòdó tó bá kú ńkọ́? Ẹ fi ₦20,000 kún un. Gbogbo rẹ̀ di ₦370,000.

5. Ẹ kọ àdéhùn. Kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Ẹ gba ₦230,000 ṣáájú, owó ohun tí ẹ ó rà nìyẹn. Ẹ gba ₦70,000 nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ₦70,000 nígbà tó bá parí. Ẹ já rìsíìtì fún un nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi owó oníbàárà kan ṣe iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ má sì ná an tán sílé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

6. Ẹ má pa á tì. Ẹ padà lọ wò ó lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí oníbàárà bá gbà, ẹ máa tọ́jú rẹ̀ fún owó oṣù. Owó oṣù yìí ló ń gbé ilé ró nígbà tí iṣẹ́ tuntun kò bá sí.

Ẹ má ṣe to òdòdó títà sí ẹ̀bá títì láìgba àṣẹ. Òfin 2011 ló dá LASPARK sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ọgbà àti igi. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ̀wé báyìí. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ìwé àti pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ ń mú kó tó mú àdá.

Ẹ dáhùn:
Kí ló mú kí ọkùnrin náà pàdánù owó?
Owó wo ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nínú ìṣirò?
Ẹ wọn iwájú ilé yín, kí ẹ yà á sínú ìwé.