Mọ́tò Tó Ń Sítáàtì Lónìí, Tó Ń Kọ̀ Lọ́la

Òwúrọ̀ òtútù ni ní Greenbelt. O yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kọ̀. Lọ́sàn-án, ó sítáàtì. Bí o bá ní "Mọ́tò mi ò sítáàtì," mẹkáníìkì á rò pé ó ti kú pátá. Sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nígbà míì, mọ́tò mi kì í sítáàtì." "Kì í" ló sọ pé ó ti di àṣà.

Sọ ohun tí o gbọ́ pẹ̀lú. "Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́": iná lè má tó. Òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù. Orí bátìrì sì lè ti dípẹtà. "Ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná iwájú sì mọ́lẹ̀ dáadáa": ó lè jẹ́ sítátà. Wàá lè yẹra fún ríra bátìrì tí o kò nílò.