Fáúńdéṣàn Packard: Bí Owó Ẹbí Kan Ṣe Di Ti Òkun àti Ti Obìnrin

Lára ìbéèrè tí ó máa ń jáde ní ìpàdé wa ni pé, kí ni a lè ṣe kí owó tí olóore kan yà sọ́tọ̀ má bàa bá a kú? Wàkáfù ni a máa ń fi dáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ilẹ̀ tàbí mọ́sálásí nìkan ni ó lè jẹ́ wàkáfù. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹbí kan ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́, èyí tí àwa ń pè ní ṣíà, ni wọ́n yà sọ́tọ̀, èrè rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ àánú láti ọdún 1964 títí di òní. Orúkọ àjọ náà ni David and Lucile Packard Foundation. Àwa yóò máa pè é ní Fáúńdéṣàn Packard.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà ṣe àjèjì létí yín. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n kọ HP sí lára, tí ó wà ní ọ́fíìsì púpọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń ṣe fótókọ́pì nílẹ̀ wa, lẹ́tà P tí ó wà níbẹ̀, Packard ni. Ní ọdún 1939 ni David Packard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Hewlett, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan ní ìlú Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California. Owó ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò ju dọ́là 538 lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán ohùn wò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ilé-iṣẹ́ sinimá Walt Disney sì ra mẹ́jọ nínú rẹ̀. Lucile, ìyàwó David, kò jókòó kí ó máa wòran. Iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ń ṣe ní Yunifásítì Stanford ni wọ́n fi ń jẹun nígbà náà. Bí ó bá sì ti ibi iṣẹ́ dé, òun náà ni í kọ lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, tí í ṣe ìṣírò owó wọn. Kódà, ààrò ilé ìdáná rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ẹ̀rọ. Nítorí náà, kì í ṣe àpọ́nlé lásán ni orúkọ obìnrin náà tí ó wà lára àjọ yìí. Owó òun náà ni.

Nígbà tí wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀, kò tóbi. Ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti àwọn aláìní àdúgbò wọn ni wọ́n ń fún ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni ó jẹ Lucile lógún jù. Ní ọdún 1986, wọ́n fi mílíọ̀nù 40 dọ́là sílẹ̀ láti kọ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Stanford. Lucile kú ní 1987, wọ́n sì ṣí ilé ìwòsàn náà ní 1991 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. David ní tirẹ̀ jẹ́ igbákejì mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà láti 1969 títí di 1971. Kí ó tó gba ipò náà, ó kó ìpín ìdókòwò rẹ̀ sí ọwọ́ alágbàtọ́, ó sì ṣe àdéhùn pé èrè tí ó bá gorí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun bá wà nínú ìjọba, iṣẹ́ àánú ni yóò bá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn tiwa ṣe ń wọ ipò, ẹ fi wé e. Nígbà tí ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1996, ìpín ìdókòwò tí iye rẹ̀ ju bílíọ̀nù 4 dọ́là lọ ni ó fi sílẹ̀ fún àjọ náà, bẹ́ẹ̀ ó ní ọmọ mẹ́rin.

Àwa kò lè ṣe èyí nínú ìwé ogún. Òfin Islam kò gba ẹni tí ó ń kú lọ láàyè láti sọ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ lọ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀. Àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá yà sọ́tọ̀ nígbà tí ó wà láàyè, tí ara rẹ̀ le, tí ọpọlọ rẹ̀ sì pé, ìdá kan nínú mẹ́ta kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹ́ kí àkókò kọjá. A ó máa sọ pé a ó ṣe é, a ó ṣe é, títí àìsàn yóò fi dé.

Báwo wá ni irú àjọ báyìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1969 ni ó dè é lọ́wọ́, dè é lẹ́sẹ̀. Owó tí ó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í ṣe owó ẹbí mọ́. Ọmọ olówó kò lè yá nínú rẹ̀, kò lè ta ilẹ̀ fún un, kò sì lè ra ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ni alága. Bí òfin náà sì ṣe rí lónìí, lọ́dọọdún ni àjọ gbọ́dọ̀ ná nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó ní sórí iṣẹ́ àánú. Yóò sì kọ ìwé ìṣírò ránṣẹ́ sí ìjọba. Orúkọ àwọn tí wọ́n fún lówó yóò wà níbẹ̀, àti iye tí wọ́n fún wọn, àti owó oṣù àwọn ọ̀gá àjọ fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ka ìwé náà lè kà á.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Sayyidinā Umar àti ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí tiwa. Ìmọ̀ràn tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fún un ni pé kí ó di ìdí ohun ìní náà mú, kí ó sì fi èso rẹ̀ ta àwọn aláìní lọ́rẹ. A kì í tà á, a kì í fi í tọrọ, a kì í jogún rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ó rú wa lójú. Ìdá márùn-ún tí a sọ yìí kì í ṣe sàká. Sàká wa jẹ́ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni ó sì ka àwọn ẹni mẹ́jọ tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí i, kò fi í sílẹ̀ fún olówó láti yan ohun tí ó wù ú. A kò lè mú owó sàká lọ dá ẹja sí inú òkun. Sàráà àti wàkáfù ni ó ní àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Òkun ni ìtàn wọn ti dùn jù. Ìlú Monterey wà ní etíkun California. Ní nǹkan bí ọdún 1940, àdúgbò kan níbẹ̀ kún fún ilé-iṣẹ́ tí ń di ẹja sadín sínú agolo, irú sadín tí gbogbo wa fi ń jẹ búrẹ́dì. Wọ́n kó ẹja náà láìwẹ̀yìn, ìyípadà inú omi sì tún dá kún un. Kí ọdún 1960 tó dé, ẹja ti tán lómi, ilé-iṣẹ́ kan ń ti ilẹ̀kùn tẹ̀lé èkejì, àwọn òṣìṣẹ́ sì fọ́n ká. Nancy, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Packard, kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú omi. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n mú àbá wá pé kí wọ́n sọ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ẹja tí ó ti kú yìí di ilé ńlá tí àwọn ènìyàn yóò ti máa wo ẹ̀dá òkun láàyè. Àwọn òbí rẹ̀ gbà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 55 dọ́là ni wọ́n ná sí i, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 1984. Julie, àbúrò Nancy, ni ó darí rẹ̀ láti ọjọ́ náà, fún nǹkan bí 40 ọdún.

Ní 1987, bàbá wọn tún dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ nítòsí ibẹ̀, èyí tí ń fi ẹ̀rọ wá ibi tí ó jìn jù nínú òkun wò. Ní 1999, ilé ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pélébé kan tí ènìyàn lè fi sápò lọ sọ́jà: àwọ̀ ewé fún ẹja tí a lè rà láìbẹ̀rù, àwọ̀ pupa fún èyí tí wọ́n ti ń pẹja rẹ̀ ní àpajù. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn ọlọ́jà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn apẹja léèrè. Nígbà tí ó di ọdún 2008, àjọ náà àti àjọ ẹbí Hewlett fọwọ́ sí i pé àwọn yóò mú owó ńlá wá láti kojú ìyípadà ojú-ọjọ́. Ọ́fíìsì wọn tí wọ́n ṣí ní ìlú Los Altos ní 2012, iná tí oòrùn ń mú wá lórí òrùlé rẹ̀ tó iye iná tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀ láàárín ọdún kan.

Ní ti obìnrin, ohun tí David Packard ń rò láti ìgbà pípẹ́ ni pé bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀, omi àti igbó yóò máa há. Láti ibẹ̀ ni àjọ náà ti bọ́ sí orí ìlera àwọn ìyá, ìfètòsọ́mọbíbí àti ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1999, pẹ̀lú Ethiopia, Pakistan àti India. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ìṣirò àwọn àjọ àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2023, nínú gbogbo obìnrin tí oyún tàbí ìbímọ pa ní ayé, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Nínú òfin wa, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ni òrukàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sí orí ìkúnlẹ̀, ta ni yóò sọ pé kò yẹ kí a tọ́jú rẹ̀? Ìyá tí kò kú ni ìtọ́jú ọmọ tí ó dára jù.

Síbẹ̀, a kò ní í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àjọ náà ń náwó lé ni a lè fọwọ́ sí. Ìfètòsọ́mọbíbí, bí tọkọtaya bá fohùn ṣọ̀kan láti fi àlàfo sáàárín ọmọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ wa gbà á láàyè, wọ́n sì ń tọ́ka sí ohun tí àwọn Sàhábà ṣe nígbà ayé Ànábì. Ṣùgbọ́n àjọ yìí ń ti ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ lẹ́yìn pẹ̀lú. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n yá ilé-iṣẹ́ kan lówó láti gbé oògùn ìṣẹ́yún wọ ọjà Amẹ́ríkà, èyí tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2000. Yàtọ̀ sí ibi tí ẹ̀mí ìyá bá ti wà nínú ewu, ọ̀nà wa àti tiwọn yà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ bá irú àjọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lè gba owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí lọ́wọ́ wọn, lójú tèmi, kí ó sì kọ ohun tí kò bá ẹ̀sìn mu sílẹ̀ gbangba nínú ìwé àdéhùn kí owó tó wọlé.

Ewu ńlá kan kọ lu àjọ náà tí ó yẹ kí gbogbo olùtọ́jú owó òrukàn mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ní, ìpín ìdókòwò ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ni. Ní ìparí 1999, nígbà tí ọjà kọ̀ǹpútà ń gbóná, ohun ìní wọn ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Ọjà náà sì ṣubú. Nígbà tí ó fi di ìparí 2002, kò tó ìdajì èyí mọ́. Wọ́n dín ẹ̀bùn kù gan-an, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn tí ń retí owó wọn lórí ìlera àti igbó kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ni ìyà jẹ.

Àárín wàhálà yìí ni ilé-iṣẹ́ HP sọ pé òun fẹ́ dàpọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Compaq. Ọwọ́ àjọ náà ni ìpín tí ó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2001, wọ́n kéde pé àwọn kò fara mọ́ ọn. Ọmọ Hewlett náà kò fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni David Woodley Packard, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí David bí. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn alátìlẹ́yìn ìdàpọ̀ borí wọn díẹ̀ ní 2002. Orúkọ bàbá wọn ni ó wà lára ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n fọ́n owó náà ká sí oríṣiríṣi ìdókòwò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń bi wá pé kí ló dé tí a kò fi gbogbo owó òrukàn ra ṣíà báǹkì kan tí ó ń pawó, èyí ni ìdáhùn wa.

David Woodley yìí ti kúrò nínú ìgbìmọ̀ àjọ náà láti 1999. Ìwé àti èdè àtijọ́ ni ó fẹ́ràn, kì í ṣe òkun. Ó mú apá kan owó náà lọ sí àjọ mìíràn tí ó ń darí, àwọn arábìnrin rẹ̀ sì dúró ti èyí tí bàbá fi sílẹ̀. Susan wà ní ipò alága fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ilé olówó púpọ̀ nílẹ̀ wa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá ti dé kóòtù.

Àwọn kan lè fẹ́ béèrè bóyá a kò lè kọ̀wé sí Fáúńdéṣàn Packard fún owó ilé-ìwé ọmọ kan tàbí méjì. Àjọ náà kì í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówó. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin, tí ìwé ìṣírò wọn sì ṣeé yẹ̀ wò, ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù yín pé wọ́n ti yan yín fún ẹ̀bùn, pé kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ má san kọ́bọ̀.