Inú rírun tó ń ti ìsọ̀ obìnrin pa

Obìnrin tó ń tajà l'Ómùò-Èkìtì, tó ń ti ìsọ̀ fún ọjọ́ 3 lóṣooṣù torí inú rírun nǹkan oṣù, ọjọ́ 36 ló ń pàdánù lọ́dún. A ò tíì ka oníbàárà tó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì o.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn. Àmọ́ inú rírun tó ń dáni dùbúlẹ̀ lè jẹ́ àìsàn endometriosis: ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù sẹ́yìn ilé ọmọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bíi obìnrin 1 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in.

Lórí oúnjẹ, ìwádìí kan láàárín àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé ewu àìsàn yìí fi ìdá 56 nínú 100 pọ̀ lára àwọn tó ń jẹ ẹran pupa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lójúmọ́, ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ewu rẹ̀ ni wọ́n wò, kì í ṣe ìrora. Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan ní ara tu àwọn díẹ̀ nígbà táwọn dín ẹran màlúù kù, táwọn ń jẹ títùs, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ìyẹn ò le l'Ékìtì.

Oúnjẹ ò lè wò ó sàn. Ẹni tó ń ta tíì tó ní yóò fọ̀ ọ́ dànù, owó ọjà yín ló fẹ́ fọ̀ dànù. Ìwé tí ẹ ń kọ àwìn sí, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀: ọjọ́ tí inú run, ohun tí ẹ jẹ, ọjọ́ tí ìsọ̀ ò ṣí. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ gbé e lọ bá dókítà obìnrin nílé ìwòsàn ńlá l'Ádó tàbí Ìdó-Èkìtì.