Ohun Tí Ó Yè Ni Kí A Kà



Orúkọ ẹgbẹ́ wa, Alájẹṣẹ́kù, ti sọ ìdajì ohun tí a fẹ́ wí: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù. Kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ilẹ̀, igi àti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ogún tí ó yẹ kí ó ṣẹ́ kù fún àwọn ọmọ wa. Nítorí náà ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé, ní ìpàdé wọn ní Manchester ní 1995, fi ìtọ́jú àwùjọ ṣe ìlànà keje. Àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìlú náà kò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Rotary, tí a dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1905, fi ìtọ́jú àyíká kún àwọn iṣẹ́ pàtàkì rẹ̀ ní 2020, òun náà sì ni ìkeje.

Iṣẹ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni igi gbígbìn. Ó dára, nítorí pé igi a máa fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́ra, òun ni ó sì fi ń dàgbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti rí bí ó ṣe ń parí. Wọ́n a pa àgọ́, wọ́n a ya fọ́tò, wọ́n a gbin igi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀, òùngbẹ a pa ìyókù. Igi tí ó kú kò fa nǹkan kan mọ́ra mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Kenya. Ní 1977, Wangari Maathai, lábẹ́ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn obìnrin ilẹ̀ náà, gbin igi 7 ní Nairobi. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Green Belt Movement ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní abúlé ni wọ́n ń tọ́jú igi láti kékeré. Wọ́n a máa gba owó táṣẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n igi tí ó bá yè ni a ń san owó lé lórí. Nígbà tí obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004, igi tí wọ́n ti gbìn lé ní mílíọ̀nù 30.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í kọ owó tí ènìyàn ní lọ́kàn láti dá sínú ìwé. Èyí tí ó bá san ni ó ń kọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ epo rí. Lítà kan epo bẹntiróò kò wúwo tó kílò 1, síbẹ̀ bí jẹnẹrétọ̀ bá jó o tán, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó tú jáde tó nǹkan bí kílò 2.3. Kábọ́ọ̀nù inú epo ni ó lọ so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyí tí ìwọ̀n rẹ̀ fi pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ yìí kì í tètè lọ. Ó ń bo ayé bí aṣọ, ooru sì ń pọ̀ sí i. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá ń jó lítà 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ 300, lítà 1,500 nìyẹn lọ́dún, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì tó kílò 3,450. Owó epo náà sì ti lọ, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.

Iná oòrùn lè dín èyí kù, ṣùgbọ́n owó àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ẹgbẹ́ lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, kí ó máa fi owó tí ì bá fi ra epo san án padà díẹ̀díẹ̀. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí gílóòbù, fáànù àti fóònù. Ẹ̀rọ ìlọta àti ti àwọn wẹ́dà gba agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a sì máa dá owó bátìrì sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bátìrì kì í pẹ́ tó páànẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé kí ó ṣe kò ju mẹ́ta lọ:

1. Kí ẹ gbin ìwọ̀nba igi tí apá yín ká, bí àgbálùmọ̀ tàbí máńgòrò. Kí ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí igi kọ̀ọ̀kan sì ní olùtọ́jú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

2. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó iná oòrùn kọ iye lítà epo tí ó ń jó sílẹ̀ fún oṣù kan ṣáájú, kí ó sì tún kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

3. Ní ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún, kí akọ̀wé ka iye igi tí ó la ẹ̀ẹ̀rùn já àti iye lítà tí ó dín kù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ka owó.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí a ti ń ṣọ́ owó ara wa, ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ igi àti epo bẹ́ẹ̀, kí a lè jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù.