Odi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ

Ẹni tó bá fẹ́ gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, kó sì sùn sílé rẹ̀ ní Galadimawa, Àbújá, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, àfi kó jí ní ìdájí. Ọ̀nà Gwagwalada, Kwali àti Abaji ni yóò gbà. Kó kọ́kọ́ bi àwọn awakọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní Jamata, ọkọ̀ á gba orí afárá Murtala sọdá Odò Ọya. Láìpẹ́, òkè gbàgìdì kan tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ á yọ.

Mọ́tò lè gun òkè náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló dáa jù. Bí èèyàn ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ gòkè ni òrùlé páànù ìlú ń kéré sí i nísàlẹ̀. Lórí òkè, tó ga ju 400 mítà lọ sí ìtẹ́jú òkun, a ó rí Ọya tí omi rẹ̀ pọ́n, a ó rí Bẹ́núé tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn wá pàdé rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè yọ́ kọjá níbẹ̀ lójú ọ̀sán. Odi ni òkè yìí, Ọlọ́run ló sì mọ ọ́n.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja. Ilé ìsinmi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí òkè, igi osè ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí àwọn àlejò ti gbẹ́ orúkọ sí lára.

Wọ́n á sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn tó di ìyàwó Lugard, dúró sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ọdún rẹ̀ kò bára mu: ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ló fi dábàá orúkọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, ọdún márùn-ún kí Lugard tó fẹ́ ẹ.

Ìtàn tó dájú wà nísàlẹ̀, ó sì kan Yorùbá gan-an. Kí èèyàn tètè sọ̀kalẹ̀, kó yà sí ilé ìwé Holy Trinity, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865. Ọ̀pá irin méjì dúró níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń dá ẹrú sílẹ̀ nígbà kan rí. Àjàyí Crowther, ọmọ Yorùbá láti Òṣogùn, tó bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Odò Ọya wá ní 1841, ẹrú lòun náà nígbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822.