Àjálù Kì í Ránṣẹ́ Kó Tó Dé: Iṣẹ́ Apòògùn Lọ́jọ́ Ìpọ́njú Ìlú

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ogun Jálumi gbóná janjan ní ẹkùn Ìkìrun, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn sì tú àwọn ọmọ ogun Ìlọrin àti àwọn alájọṣe wọn ká, odò Ọ̀tìn ni ó gba ẹ̀mí púpọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ. Lákòókò ogun yìí kan náà ni àwọn ará Òkukù, tọmọdé tàgbà, fi ilé baba wọn sílẹ̀, tí wọ́n di ẹni tí à ń gbà sílé ní Ìkìrun. Ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di ọdún 1893, nígbà tí ogun rọlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n tó padà lọ tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Àwọn obìnrin Òkukù tí wọ́n mọ oríkì í ké kò gbàgbé akọni kankan nínú àwọn tí ó ja ogun ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìtàn ogun kì í sábà bá wa sọ: nígbà tí odidi ìlú di ìsáǹsá, tí ibà mú ọmọ, tí ìgbẹ́ gbuuru mú ìyá, tí ọgbẹ́ ọfà ń wú lẹ́sẹ̀ baba, ta ni ó wá oògùn, ta ni ó mọ ewé tí ó wà nínú igbó àjèjì, ta ni ó mọ ìwọ̀n tí a lè fún ọmọ ọwọ́ tí kò ní ṣe é ní jàǹbá? Ẹni náà wà dájúdájú, nítorí ìlú tí kò ní irú rẹ̀ kì í la irú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ́ẹ̀ já.

Lóde òní, ogun ti pa àwọ̀ dà. Títì tí ó so Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù pọ̀ mọ́ Òṣogbo lápá kan àti Ọ̀ffà lápá kejì kì í sinmi lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni kì í sinmi lóru. Ojú irin tí ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907 gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí òkè. Òjò a máa rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, iná a máa jó ọjà, àjàkálẹ̀ àrùn a sì máa bá èrò wọ ìlú. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì ní Ọ̀ffà, tí kò jìnnà sí Òkukù, ẹ̀mí tí ó lé ní 30 sì bọ́ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ariwo dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pa, ti nọ́ọ̀sì, ti panápaná, ti ọlọ́pàá àti ti ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa. N kò tíì gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti kígbe pé kí wọ́n sáré lọ pe apòògùn wá, bẹ́ẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ tí dókítà fẹ́ gún, omi tí nọ́ọ̀sì fẹ́ fà sí ara aláìsàn, àti oògùn apakòkòrò tí a ó fi fọ ojú ọgbẹ́, ọwọ́ apòògùn ni gbogbo wọn ti ń jáde.

Ó yẹ kí á là á yé ara wa, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣáà ti to ìgò oògùn sórí pẹpẹ ni a máa ń pè ní kẹ́míìsì ní àdúgbò wa. Olóògùn kékeré tí ó ní ìwé àṣẹ láti ta àwọn oògùn tí kò le, bí èyí tí ó wà fún orí fífọ́ àti inú rírun, ń ṣe iṣẹ́ tí ó wúlò, pàápàá ní àwọn abúlé tí kò sí ilé ìwòsàn. Apòògùn ní tirẹ̀ ni ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín, tí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mọ ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara, ó mọ èyí tí kò gbọdọ̀ bá èkejì pàdé nínú ikùn kan náà, ó mọ èyí tí oòrùn ń bà jẹ́ àti èyí tí ó gbọdọ̀ wà nínú fìríìjì láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8. Ìmọ̀ tí ó kẹ́yìn yìí kò dà bí nǹkan lójú ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìjì ńlá, kí ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti sí insulin tí àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà gbójú lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Armenia. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, ilẹ̀ mì tìtì ní orílẹ̀-èdè náà, àánú sì ṣe gbogbo ayé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó oògùn ránṣẹ́ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí tí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn fi tó 5,000 tọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ìyà ti tán. Ṣùgbọ́n 50 ènìyàn ni ó jókòó ti ẹrù náà fún oṣù mẹ́fà gbáko, kí wọ́n tó lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nínú 100, ìwọ̀n 8 ni ọjọ́ lílò rẹ̀ ti kọjá, yìnyín ti ba ìwọ̀n 4 jẹ́, nínú èyí tí ó kù, ìwọ̀n 30 nínú 100 péré ni ó rọrùn fún wọn láti dá mọ̀, nítorí pé èdè tí a fi kọ ọ̀rọ̀ ara páálí wọn kò yé àwọn tí ó gbà wọ́n, orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan pe oògùn kò sì jọ ti èkejì. Ní Eritrea, nígbà ogun òmìnira wọn, wọ́n kó aspirin tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kún ọkọ̀ akẹ́rù méje wá fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọrẹ, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì fi sun ún níná. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ; àwọn olóore wọ̀nyí kò wo ilé, wọn kò sì bi ẹni tí ó mọ̀ léèrè.

Ìrírí wọ̀nyí ni ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ ní ọdún 1996 lórí bí a ṣe ń fi oògùn tọrẹ: pé ohun tí àwọn tí ìyà ń jẹ bá béèrè ni kí á fún wọn, pé oògùn náà gbọdọ̀ ní, ó kéré tán, ọdún kan sí i kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé nígbà tí ó bá gúnlẹ̀, pé kí a kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè tí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ gbọ́, àti pé a kò gbọdọ̀ kó oògùn tí aláìsàn kan ti lò kù fún aláìsàn mìíràn. Wọ́n sì ti ṣètò àpótí pàjáwìrì kan tí a dì sílẹ̀ láti tọ́jú 10,000 ènìyàn fún oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ apòògùn ni kí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó wọ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó máa pààrọ̀ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ń lọ, kí ó sì kọ iye tí ó jáde àti ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, kí èyí tí a kó wá fún ìlú má baà di ọjà lọ́wọ́ àwọn kan.

Síbẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù lọ kò sí lára àwọn tí wọ́n fara gbọgbẹ́. Ojú gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, a ó sì wá nǹkan fi dí i. Ta ni ó ń rí ìyá arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú, tí omíyalé lé jáde lóru pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo ní ìdí, tí oògùn rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí nínú yàrá tí omi ti gbà? Ta ni ó ń rí alárùn wárápá, ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan? Àwọn wọ̀nyí yóò jókòó jẹ́ẹ́ nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ tí a kó wọn sí, wọn kò ní pariwo, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àrọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti mú ọ̀kan, wárápá ti gbé èkejì ṣubú. Bí a bá bi wọ́n ní orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò, wọn a ní, “Èyí funfun kékeré yẹn ni, èyí tí mo máa ń lò láàárọ̀.” Oògùn funfun kékeré pọ̀ ju ìràwọ̀ lọ. Apòògùn nìkan ni ó lè fi sùúrù jókòó tì wọ́n, kí ó bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń lò ó, ohun tí dókítà sọ fún wọn, bí ó ti ń ṣe wọ́n bí wọ́n bá lò ó tán, títí yóò fi mọ oògùn náà tàbí èyí tí ó lè dípò rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ará Japan ń dá. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní ìwé pélébé kan tí apòògùn ń kọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sí. Nígbà tí ilẹ̀ mì, tí òkun sì ya wọ ìlú wọn ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2011, tí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn bómi lọ, ẹni tí ó mú ìwé yìí lọ́wọ́ sá jáde kò wulẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀ kí ó tó rí oògùn rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn apòògùn ẹkùn Miyagi ṣe ọkọ̀ kan tí ó jẹ́ odidi ilé oògùn lórí táyà, irú rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ní Kumamoto nígbà tí ilẹ̀ mì níbẹ̀ ní ọdún 2016. A lè má rí owó ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìwé pélébé kò kọjá agbára wa.

Àwa náà ti rí àjálù tí oògùn fúnra rẹ̀ fà. Ní ọdún 1990, wọ́n fi èròjà olóró kan tí a ń pè ní diethylene glycol po oògùn ibà àwọn ọmọdé dípò èyí tí ó tọ́, 109 ọmọ sì kú ní Ìbàdàn àti Jos. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, nígbà tí oògùn eyín tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ 84. Àwọn òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí rà á ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ṣíbí bù ú sí ọmọ wọn lẹ́nu. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ara dẹ̀, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìlú dàrú, tí ẹnikẹ́ni lè gbé páálí oògùn wá ní orúkọ àánú?

Àhesọ ọ̀rọ̀ náà a sì máa pani. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, ìròyìn kan gba orí fóònù kiri ní òru ọjọ́ kan pé omi iyọ̀ ni oògùn rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń fi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n ń mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìròyìn fi hàn pé ó kéré tán, ènìyàn méjì kú nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí wọ́n kó 127 nínú àwọn ọmọ wa tí ó ń bọ̀ láti Côte d'Ivoire sí àhámọ́ ìtọ́jú ní Èjìgbò nítorí Kòrónà, ní oṣù kan náà ni àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn ní Èkó nítorí chloroquine tí wọ́n lò yó, torí wọ́n gbọ́ pé ààrẹ Amẹ́ríkà yìn ín. Kí ará Ìnísà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, yóò ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó bá wà ní ibi tí wọ́n ń gbà kọjá yẹn ni ó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ má lò ó, màmá.”

Lórí ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́rà, tí ó máa ń tẹ̀lé omíyalé, ìtàn kan tó wa. Ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn tí ogun lé láti Bangladesh kún ibùdó kan ní Bangaon ní ilẹ̀ Íńdíà, tí omi ìfàsára sì tán, dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà, kí wọ́n dì í sínú àpò kéékèèké, kí àwọn ìbátan aláìsàn máa fi fún wọn mu. Ikú tí ó tó nǹkan bí 30 nínú 100 já wálẹ̀ sí bí 4. Apòògùn wa gbọdọ̀ ní àpò omi iyọ̀ àti ṣúgà yìí nílẹ̀ ní ìgbà òjò, pẹ̀lú oògùn zinc fún àwọn ọmọdé. Bí kò bá sì sí, kí ó kọ́ àwọn ìyá láti fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, tí a fi nǹkan gé ojú wọn dọ́gba, po lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Ìwọ̀n yìí ni kí á tẹ̀lé gẹ́ẹ́, nítorí iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Mo rọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn tí ó wà ní Ìkìrun àti ti Odò-Ọ̀tìn tí ó wà ní Òkukù pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo apòògùn tí ó wà ní agbègbè wọn sílẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní àyè nínú ìgbìmọ̀ pàjáwìrì, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ibi tí a ó kó oògùn sí bí omi bá wọ ilé ìwòsàn àti bí fìríìjì yóò ṣe máa tutù bí iná bá lọ. Kí àwọn ọba wa àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó wà ní òkè òkun pẹ̀lú bá wa béèrè lọ́wọ́ apòògùn ilé kí wọ́n tó di páálí oògùn ránṣẹ́. Ìwọ òǹkàwé náà, mú bébà kan lálẹ́ òní, kọ orúkọ oògùn tí ìyá tàbí baba rẹ ń lò sí i, bí agbára rẹ̀ ti tó, ìgbà tí ó ń lò ó, àti oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu. Fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí o sì so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó o bí ó bá ní láti sá jáde lóru.